Ẹni Tí A Fún Ní Kíndìnrín: Ìwọ̀fà Ni Tàbí Alágbàtọ́?

Àwọn àgbà ní, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fún ni ní kíndìnrín ara rẹ̀, ọpẹ́ wo ni ó tó?

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n sì fi í sí ara Richard, ìbejì rẹ̀, tí àìsàn fẹ́ pa. Richard gbéyàwó, ó bímọ, ó sì lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé.

Bí a bá ka irú oore yìí sí gbèsè, olóore di olówó, ẹni tí ó gbà á sì di ìwọ̀fà tí kò ní san án tán láé. Ìtìjú kò ní jẹ́ kí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ rọ́kàn balẹ̀. Lójú tèmi, alágbàtọ́ ni. Àwọn Herrick jọra tinú-tòde; ti ẹlòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ara a máa fẹ́ lé kíndìnrín àlejò jáde, nítorí náà ojoojúmọ́ ni alágbàtọ́ ń lo oògùn tí í dá ara lẹ́kun, bẹ́ẹ̀ ni oògùn yìí kan náà a máa ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àrùn mìíràn. Ẹ̀rù kò ní ṣàì bà á. Ìforítì rẹ̀ ni pé, pẹ̀lú ẹ̀rù náà, kò pa oògùn rẹ̀ jẹ. Ìtọ́jú yìí ni ọpẹ́ rẹ̀.

Bí kíndìnrín náà bá sì kọṣẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a má pè é ní aláìmoore. Títọ́jú ni ti alágbàtọ́. Ìyè kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.