Ọ̀bẹ Delphi àti Ọkọ̀ Ọlọ́pọ̀ Iṣẹ́

Irú ọkọ̀ ojú omi kan wà tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń rà fún ìgbafẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Kì í sábà gùn ju mítà 9 lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́ sí. Ó ní àga díẹ̀, ibòji díẹ̀, àti bóyá yàrá há-há kan níwájú tí ẹni méjì lè sùn mọ́jú. Ohun tí àwọn tó ń tà á fi ń polówó rẹ̀ ni pé kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Ó lè gbé ìdílé lọ jẹun ọ̀sán ní erékùṣù, ó lè gbé apẹja dé ibi tí omi ti jìn, ó lè fa ọmọdé tó ń fi pákó ṣeré lórí omi, kó sì sáré gbé gbogbo wọn délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbéèrè tí irú ọkọ̀ yìí ń bí ti wà láyé kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹ́ńjìnnì. Ṣé ohun tí a ṣe fún iṣẹ́ púpọ̀ lè dára lẹ́nu èyíkéyìí nínú wọn? Bó bá lè dára, kí ni ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò fi mọ̀?

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, ti fèsì sí i níbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Politics. Ó ní ìṣẹ̀dá kì í ṣahun bíi ti àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọ̀bẹ Delphi, ọ̀bẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò fún oríṣiríṣi iṣẹ́. Ohun kan fún iṣẹ́ kan ni ìṣẹ̀dá ń ṣe, nítorí ohun-èlò tó bá gbájú mọ́ iṣẹ́ kan ló ń ṣe é yanjú. Plato, olùkọ́ rẹ̀, ti sọ ohun tó sún mọ́ èyí ṣáájú rẹ̀ nínú apá kìíní Republic: èèyàn lè fi oríṣiríṣi ọ̀bẹ gé ẹ̀ka àjàrà, àmọ́ èyí tí wọ́n dìídì rọ fún rírẹ́ àjàrà ni yóò gé e dára jù. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọ̀bẹ Delphi pọ́ńbélé ni ọkọ̀ òpin ọ̀sẹ̀. Apẹja ń fẹ́ ibi gbalasa tí yóò ti máa fi ìwọ̀ yí ọkọ̀ po. Ẹni tó fẹ́ sùn ń fẹ́ òrùlé àti ògiri. Ẹni tó fẹ́ la agbami kọjá ń fẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó mú. Àwọn ohun tí wọ́n ń fẹ́ yìí ń bára wọn jà, inú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń jà á.

Ibi tí ìjà náà ti hàn jù ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń dúró gbọn-in, ó lè dé ibi tí omi kò jìn, ẹ́ńjìnnì kékeré sì tó o. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá dé, yóò máa gbá ìgbì náà ni, egungun ẹ̀yìn àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó rí bíi lẹ́tà V máa ń la ìgbì wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ bó bá dúró sójú kan, yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń fẹ́ agbára púpọ̀ kó tó lè sáré. Ọwọ́ ọkùnrin kan náà ni ìdáhùn méjèèjì tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà ti jáde. C. Raymond Hunt, ayàwòrán ọkọ̀ ará Massachusetts, ló bá Richard Fisher ya ọkọ̀ Boston Whaler oní-ẹsẹ̀ bàtà 13 tó jáde lọ́dún 1958. Fóòmù ni wọ́n dà sáàárín awọ fáíbà méjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ dé igun, tó fi jẹ́ pé àgbàlagbà lè dúró sí etí rẹ̀ kó má dojú dé. Lọ́dún 1961, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán Fisher jáde, tó wọ kóòtù, tó jókòó sínú ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì lórí omi. Ìdajì méjèèjì léfòó, ó sì wa ìdajì ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì wà lọ. Ìdílé rà á, àwọn tó ń yọ èèyàn nínú omi létí òkun rà á, ọlọ́pàá náà rà á. Síbẹ̀, bí omi bá ti ń ru, ó máa ń gbá ìgbì, omi sì máa ń ta sí èrò inú rẹ̀ lára.

Ní sáà kan náà, Hunt ń ya ọkọ̀ mìíràn tí V ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú tó nǹkan bíi dìgírì 24 títí dé ìdí. Richard Bertram rí ọ̀kan ní Newport lọ́dún 1958, ó ní kí wọ́n kan tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Moppie. Lọ́dún 1960, nínú ìdíje láti Miami sí Nassau, tí òkun bínú, Moppie ló gba ipò kìíní. Bí ẹnì kan bá bi Hunt léèrè èyí tó dára nínú ọkọ̀ méjèèjì, kò ní rí èsì mú lọ àfi tó bá sọ omi tó fẹ́ gbà àti àwọn tó fẹ́ kó sínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ òde òní wà láàárín àwọn méjèèjì yìí, ìsàlẹ̀ wọn ń sún mọ́ dìgírì 20. Ó rọrùn láti rò pé agbede-méjì yìí ni ọgbọ́n. Aristotle kan náà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kìlọ̀ fún irú èrò bẹ́ẹ̀ nínú Nicomachean Ethics: bí òṣùwọ̀n oúnjẹ 10 bá pọ̀ jù, tí 2 sì kéré jù, kò túmọ̀ sí pé 6 ni kí olùkọ́ eré ìdárayá fún gbogbo èèyàn. Yóò kéré jù fún Milo, ajìjàkadì abara-nílẹ̀ nì, yóò sì pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Dìgírì 20 pọ̀ jù fún ẹni tó ń gbé etí ọ̀sà tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, kò sì tó fún ẹni tó gbọ́dọ̀ la òkun gbalasa kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní ohun tó gbà àti ohun tó fúnni. Láti ìgbà tí Ole Evinrude, ọmọ Norway tó ń gbé ní Milwaukee, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ lọ́dún 1909, àǹfààní rẹ̀ kò yí padà: inú ọkọ̀ ṣófo fún èèyàn, wọ́n lè gbé e sókè kúrò nínú omi bí iyanrìn bá sún mọ́, wọ́n sì lè tú u kúrò láìfọ́ ọkọ̀. Ohun tó gbà ni pé gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn náà sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kọ́ àkàsọ̀ sí, níbi tí ọmọ tó lúwẹ̀ẹ́ yóò ti gun òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin mímú tó ń yí lábẹ́ omi.

Aristotle kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ọ̀bẹ Delphi. Ní apá kẹrin Politics, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ipò nínú ìjọba, ó ní ìlú ńlá lè fi ẹnì kan sí ipò kan, àmọ́ ìlú kékeré kò ní èèyàn tó, ó sì di dandan kí ẹnì kan di ipò púpọ̀ mú. Ó fi èyí wé irin kan tí wọ́n ń lò nígbà ayé rẹ̀, tí wọ́n fi ń yan ẹran tí wọ́n sì tún ń gbé fìtílà lé. Kò bẹnu àtẹ́ lu irin náà, torí àìtó ló bí i, àìtó kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló bá ọkọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ mu ju ti ìṣáájú lọ. Ìdílé tó ní owó ọkọ̀ kan, àyè kan ní èbúté àti Sátidé kan lọ́sẹ̀ jọ ìlú kékeré náà gan-an. Fún wọn, ohun tó tọ́ kí wọ́n béèrè ni èyí tí ọkọ̀ lè ṣaláìní tí kò ní pa wọ́n lára.

Ìdí nìyí tí àbùkù ọkọ̀ kò fi dọ́gba. Bí bẹ́ẹ̀dì bá há, tí eré rẹ̀ kò sì yá tó ti ọkọ̀ ìdíje, adùn ló dín kù. Bí ọkọ̀ kò bá lè léfòó nígbà tí omi bá kún inú rẹ̀, ẹ̀mí ló wà nínú ewu, kò sì sí ìrọ̀rùn kankan tó lè dí i. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2013 lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní kedere: ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, A dé D. Ọ̀wọ́ B wà fún afẹ́fẹ́ tó tó ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort àti ìgbì tó ga tó mítà 4. Ọ̀wọ́ C wà fún ìwọ̀n 6 àti mítà 2. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà méjì ló wà lórí àwo kan náà, B bí èrò bá kéré, C bí wọ́n bá pọ̀. Ọkọ̀ náà kò yí padà; èrò tó wọ̀ ọ́ ló sọ irú omi tó yẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni epo: àṣà tó ti pẹ́ láàárín àwọn awakọ̀ ojú omi ni kí ìdá kan nínú mẹ́ta wà fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, kí ìdá tó kù wà fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ti ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 26 lo ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì, èyí tó sábà máa ń jẹ́ okùn tó ń so mọ́ ara, nígbà tó bá ń sáré, kí ẹ́ńjìnnì lè kú bó bá já sómi.

Ta ló wá yẹ kó ṣèdájọ́? Nínú apá kẹwàá Republic, Plato ní oríṣi èèyàn mẹ́ta ló ń bá ohun-èlò kọ̀ọ̀kan da nǹkan pọ̀: ẹni tó ń lò ó, ẹni tó ṣe é, àti ẹni tó kàn ń ya àwòrán ìrísí rẹ̀. Afọnfèrè ló mọ fèrè tó dára. Òun ló ń sọ fún ẹni tó ṣe é, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́. Ayàwòrán kò mọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn án, omi tó pa rọ́rọ́, oòrùn tó ràn. Àárín ìgbì ni ìdánwò wà. Kí ó wo bóyá imú ọkọ̀ ń bo ojú ọ̀nà mọ́ awakọ̀ lójú nígbà tó bá ń gbéra. Kí ó dá ẹ́ńjìnnì dúró, kí gbogbo èrò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó rí bí ọkọ̀ ṣe fì tó. Kí ó rìn dé iwájú lọ ju ìdákọ̀ró, kí ó mọ̀ bóyá ohun kan wà tó lè dì mú. Kí ó ká tìmùtìmù, kí ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde, kí ó mọ̀ bóyá ọwọ́ lè dé ibẹ̀ lóru. Barry Hallen, tó bá àwọn oníṣègùn Èkìtì fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 pé lójú wọn, ẹwà ohun tí èèyàn fọwọ́ ṣe kì í dá dúró lórí ìrísí. Bó ṣe wúlò àti bó ṣe ń tọ́jọ́ wà nínú rẹ̀. Ojú tó dára láti fi wo ọkọ̀ nìyẹn.

Ìsinmi ni wọ́n ra ọkọ̀ náà fún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti ń kùnà. Aristotle ní èèyàn ń ṣiṣẹ́ kó lè ráàyè sinmi ni. Abraham Joshua Heschel, rábì tó kọ The Sabbath lọ́dún 1951, ṣàlàyé ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù bí ibi mímọ́ tí a fi àkókò kọ́. Ọkọ̀ jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tí wọ́n fowó rà nítorí àkókò, ó sì lè jẹ àkókò náà tán. Iná ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, ẹ́ńjìnnì kejì: ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń béèrè fífọ̀, àtúnṣe àti owó. Lẹ́yìn omi iyọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí ìdílé lè tú okùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sàn ju èyí tó ní ohun gbogbo tó sì ń gba òwúrọ̀ wọn.

Ìsinmi ẹlòmíràn náà sì wà níbẹ̀. Ní Florida, apá ibì kan wà tí òfin ti ní kí ọkọ̀ rìn jẹ́jẹ́ nítorí manatee, ẹranko ńlá tó ń jẹ ewéko inú omi, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé àpá irin ẹ́ńjìnnì kiri lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá kì í tọ́ bí wọ́n bá ń rọra lọ. Imú wọn á máa ya sọ́tùn-ún sósì, awakọ̀ á sì máa jà pẹ̀lú ìdarí. Nítorí náà, wíwa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n dán wò kí wọ́n tó sanwó.