Iṣẹ́ Wo Ni Ẹ Ń Ṣe?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì fi ẹ̀mí sí i lára gẹ́gẹ́ bí àmánà. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń kìlọ̀ fún ara wa ṣáájú kí a tó kìlọ̀ fún yín pé kí a páyà Ọlọ́hun ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó kọjá, a kírun sí ọmọ ìyá méjì lára ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò tí ì gbàgbé. Kànga ni wọ́n ń gbẹ́ jinlẹ̀ sí i ní ìletò kan tí kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán. Ẹ̀gbọ́n wọlé, kò jáde. Àbúrò wọlé láti yọ ẹ̀gbọ́n, òun náà kò jáde. Kí a tó fa òkú wọn sókè, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan: àwọn kan ní ẹbọra inú kànga ni, àwọn mìíràn ní ayé ni. Àwa náà dúró létí sàréè, a ní kádàrá ni, àsìkò ló tó. A kò purọ́, nítorí kò sí ẹni tí í kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ náà kò pé, àìpé rẹ̀ ni a sì fẹ́ tún ṣe lórí mínbárì lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó dùn wá jù. Láìpẹ́ sí ìgbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì parí ìdaṣẹ́sílẹ̀ wọn ní 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú jámáà yìí àti bàbá rẹ̀ wá bá wa. Ọmọ náà ti gba oyè àkọ́kọ́. Ó fẹ́ lọ kàwé sí i lórí ìlera àti ààbò àwọn òṣìṣẹ́, kí ó sì di olùkọ́ àti olùwádìí nínú ìmọ̀ náà. Bàbá rẹ̀ fárígá. Ó ní oṣù mẹ́jọ ni àwọn olùkọ́ fi jókòó sílé, báwo ni ọmọ òun yóò ṣe fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ ìyàwó? Àníyàn òbí nìyẹn, a kò dá a lẹ́bi. Àwa ni a kọjá àyè wa. A ní, “Ọmọ wa, iṣẹ́ wo tilẹ̀ ni ẹni tí ń wo àwọn oníṣẹ́ ń ṣe?” Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ó sì lọ kàwé rẹ̀.

Òun ni ó wá sílé wa ní alẹ́ ọjọ́ tí a sin àwọn méjèèjì. Ó kí wa tán, ó ní, “Àáfà, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ń fa omi kànga náà? Ibo ni wọ́n gbé e sí?” A ránṣẹ́ lọ bèèrè. Ẹ̀rọ oní-bẹntiróòlù ni. Rọ́bà rẹ̀ kò gùn tó, nítorí náà wọ́n fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó ní àárín kànga, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí omi fi fà.

Ó wá là á yé wa. Nínú èéfín irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide wà. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn a máa dì mọ́ ọn ju bí ó ṣe ń dì mọ́ afẹ́fẹ́ tí ń gbé ẹ̀mí ró lọ, ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Ní gbangba, atẹ́gùn a gbé e lọ. Nínú kànga, yóò dúró. Ẹni tí ó wọlé kò ní fura títí orúnkún rẹ̀ yóò fi yẹ̀. Àwọn bàbá wa a máa sọ àtùpà kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ kànga. Bí iná bá kú, wọn kò ní wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí iná kì í jó níbi tí afẹ́fẹ́ rere kò bá tó. Ṣùgbọ́n èéfín yìí kì í pa àtùpà. Àtùpà yóò máa jó, ènìyàn yóò sì ti kú.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, a kò sùn lóru ọjọ́ náà. A rántí Sayyidinā ‘Umar nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ lójú ọ̀nà pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, tí ó sì pinnu láti yí padà. Abū ‘Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Bukhārī gba ìtàn náà wá. Bákan náà ni Ọlọ́hun kọ̀ fún wa, ní āyah 195 nínú Sūratul-Baqarah, pé kí á má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Rọ́bà gígùn wà nínú kádàrá. Okùn tí a so mọ́ ẹni tí ó wọ kànga, kí á lè fà á sókè láìsí pé ẹlòmíràn wọlé tọ̀ ọ́, òun náà wà nínú kádàrá.

Imām Ghazālī, ẹni tí ó kú ní ọdún 1111, ka ìmọ̀ ìwòsàn mọ́ faralu kifāya nínú ìwé rẹ̀ Ihyā’, ìyẹn ọ̀ranyàn tí bí àwọn kan bá gbé e, yóò bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé e, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kárí gbogbo ìlú. Ó tilẹ̀ kẹ́dùn pé gbogbo ènìyàn ń rọ́ lọ sídìí ìmọ̀ fíkíhì, nígbà tí ìlú wà tí kò ní oníṣègùn Mùsùlùmí kan ṣoṣo. Àwa tí ilé-kéwú tọ́ dàgbà ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá wí.

Ìmọ̀ tí ọmọ náà lọ kọ́ kì í ṣe ti àná. Ní orílẹ̀-èdè Ítálì, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Bernardino Ramazzini, tí a bí ní 1633. Ó rí ọkùnrin kan tí ń kó ìdọ̀tí inú ṣáláńgá, tí ó ń ṣe é pẹ̀lú ìkánjú. Ó bi í ní ìdí. Ọkùnrin náà ní ẹni tí ó bá pẹ́ nínú kòtò náà, ojú rẹ̀ a máa fọ́. Dókítà mìíràn ìbá ti kọjá lọ. Èyí bẹ̀rẹ̀ sí tọ àwọn oníṣẹ́ lọ ní ìsọ̀ wọn: amọ̀kòkò, agbẹ́kùúta, ẹni tí ń wa kùsà. Ní 1700, ó tẹ ìwé jáde lórí àìsàn tí ó ń ti ara iṣẹ́ wá, ó sì kọ́ni ní yunifásítì Padua títí ó fi kú ní 1714. Ìbéèrè kan ni ó fi kún èyí tí dókítà máa ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?

Ẹ wo bí ìbéèrè náà ti kéré tó. Mélòó nínú yín ni wọ́n ti bi í rí ní ọsibítù?

Ní ilẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Asuzu wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ àwọn dókítà ní ìmọ̀ yìí ní Ìbàdàn. Àyè sì ṣì wà fún ọ̀pọ̀ sí i. Ní 2010, ọmọdé tí ó lé ní 400 kú ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Òkúta wúrà ni àwọn òbí wọn ń lọ̀ nínú agbo ilé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́n oògùn ìpakoríko, tí ẹ ń wọ aṣọ náà wọlé, tí ẹ sì ń gbé ọmọ jókòó sórí itan, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà tí a lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́, níbi ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ìyàlẹ́nu wa kò wà lára ère bí kò ṣe lára àwọn tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn, áńbọ̀sìbọ́sí ohun tí eruku òkúta ṣe sí wọn ní àyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìlọrẹsì, ìsọ̀ ìlagi àti ibi ìfọ́kùúta, ẹ gbọ́ wa dáadáa. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun pe àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ wa ní ọmọ ìyá wa, ó sì kọ̀ pé kí á gbé ohun tí ó borí agbára wọn lé wọn lórí. Owó oṣù nìkan kọ́ ni ẹ̀tọ́ wọn. Ìbòmú jẹ́ ẹ̀tọ́, ìdèérí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí ń yí jẹ́ ẹ̀tọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ń sọ yìí ti gba oyè kejì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn tí ń gbẹ́ kànga ní agbègbè wa ni ó fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Ó ti sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ ń lé òun, wọ́n rò pé ìjọba ni ó rán òun láti wá gba owó orí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dé ìsọ̀ yín tí ó sì béèrè iṣẹ́ yín, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un, títí kan ikọ́ tí ẹ ń fi pamọ́. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti bàbá rẹ̀. A tún ń tọrọ rẹ̀ ní ojú yín.

Ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, wọn yóò gbẹ́ kànga àlùwàlá mọ́ṣáláṣí yìí jinlẹ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ti ra rọ́bà tí ó gùn tó. Òkè ni ẹ̀rọ yóò wà, jìnnà sí ẹnu kànga, okùn yóò sì wà ní ìdí agbẹ́kànga láti ìgbà tí ó bá wọlé. Ọmọ náà yóò wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí jọ̀wọ́ wá.

Ọlọ́hun, forí jin ọmọ ìyá méjèèjì, fẹ sàréè wọn, kí O sì di ìyá wọn mú. Āmīn.