Ìrìn Ẹni tí Ẹ̀gbà Kọlù

Ẹ̀kọ́ kíkà: Marku 8:22–25

Nínú ìwé tí a kà yìí, Jésù fọwọ́ kan afọ́jú ará Bẹtisaida, Ó sì bi í léèrè bóyá ó ríran. Ọkùnrin náà kò purọ́ láti fi wu ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú òun kò tíì mọ́ dáadáa, igi ni ènìyàn ń jọ lójú òun. Olúwa kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó tún fọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí wo àwọn ará wa tí ẹ̀gbà, àrùn rọpárọsẹ̀, kọlù, tí wọ́n sì ti ń dìde rìn. Kíá ni àwa máa ń jẹ́rìí fún wọn. Bí bàbá kan bá ti gbẹ́sẹ̀ 3 láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àga, a ti kígbe Halelúyà, a ti ní kí wọ́n sọ ọ̀pá nù. Ṣé a tilẹ̀ bi wọ́n pé báwo ni ìrìn náà ṣe rí lára wọn?

Ẹ bi wọ́n, ẹ ó gbọ́. Òmíràn á ní ẹsẹ̀ òun wúwo bí ìtì igi, ìka rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ni òun ṣe ń jù ú yí ká. Òmíràn kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà wà àfi bó bá wò ó. Àwọn kan wà tí ara wọn ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n sì rò pé àwọn nàró ṣánṣán. Ẹlòmíràn ń rìn dáadáa lójú wa, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀ bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn ló rí, ojú ń tì í, kò sì wá sí ìsìn mọ́. Ẹ má pe ìyẹn ní àìnígbàgbọ́, ẹ jàre. Inú ọpọlọ ni ọgbẹ́ wà: iṣan ẹ̀jẹ̀ dí níbẹ̀ tàbí ó bẹ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí ti òsì. Ìrìn tí àwa kì í rò rárá, àwọn ń rò ó ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń dúró kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ná kí ẹ tó béèrè ọmọ àti ilé.

Nínú ilé Ọlọ́run tiwa gan-an, ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́ wà. Sùtánà tó gùn dé ilẹ̀ máa ń kọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́. Ẹ bá wọn ká etí rẹ̀ sókè. A kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ ìrora sì lè tẹ ìṣó tàbí iyanrìn gbígbóná láìmọ̀. Kí ẹnìkan máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀, kí ó jókòó gbàdúrà. Ẹ má sì já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jakọbu gba ìbùkún ní Penieli, títiro ló tiro kúrò níbẹ̀.

Oṣù 3 àkọ́kọ́ ni ara sábà máa ń yára padà jù. Lẹ́yìn náà á wá lọ́ra, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n á ní ìwòsàn ti dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tẹra mọ́ ìrìn ṣì lè máa tẹ̀síwájú, kódà lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ bá wọn rìn lójoojúmọ́, láti àgbàlá dé ìdí igi, ní apá ibi tó rọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ, kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú omi àdúrà, kí wọ́n má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, nítorí ẹ̀gbà lè padà kọlu ènìyàn.