Ta Ló Pe Òkú Wá Kọrin?

Ní ọdún 1981, ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà gbé orin ìfẹ́ kan jáde, Have You Ever Been Lonely. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló ń dá ara wọn lóhùn nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti kú láti ọdún 1964. Obìnrin náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1963. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa àwọn méjèèjì. Nígbà ayé wọn, wọn kò jọ kọ orin yẹn rí.

Jim Reeves ni ọkùnrin náà, Patsy Cline ni obìnrin. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ti tó bàbá àgbà kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ẹni tí Reeves jẹ́ fún un. Bí oṣù December bá ti wọlé ní Èkó àti Ìbàdàn, orin Kérésìmesì rẹ̀ á gba orí rédíò. Orin kọ́ńtírì tó ń kọ wọ ara àwọn olórin wa pẹ̀lú: gìtá onírin tí àwọn ará Nashville máa ń tẹ́ kalẹ̀ ta ni Démọ́lá Adépọ̀jù gbé wọ inú jùjú King Sunny Adé, tí aráyé fi gbọ́ ọ nínú àwo Juju Music ní 1982.

Texas ni wọ́n ti bí Reeves ní 1923. Baseball ló kọ́kọ́ fẹ́ fi jẹun kó tó farapa, ló bá di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ó dé RCA ní 1955. Nígbà tó máa kọ Four Walls ní 1957, ńṣe ló sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tímọ́tímọ́, ó sì ń kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan létí. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló gbé e dé òkè òkun. Ó lọ kọrin ní South Africa ní 1962, ó sì tún padà lọ ya fíìmù níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù July, 1964, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń wà já lulẹ̀ nínú ìjì nítòsí Nashville. Dean Manuel tó ń tẹ dùùrù fún un bá a lọ. Ọjọ́ kejì oṣù August ni wọ́n tó rí òkú wọn.

Ikú ò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ní 1966, Distant Drums tó kọ sílẹ̀ gba ipò kìíní ní Britain.

Àwọn orin tó bá obìnrin kọ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà díjú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, òun àti Dottie West kọ Love Is No Excuse. Alààyè méjì ni wọ́n, ẹnu wọn sì kò lórí rẹ̀. Ní 1979, ó kan Deborah Allen, tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí Reeves kú. Orin mẹ́ta ló kọ lé ohùn olóògbé náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin kọ́ńtírì. Lẹ́yìn ọdún méjì ni wọ́n wá kó òkú méjì pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é kò ní awo nínú. Ní Nashville nígbà ayé àwọn méjèèjì, téèpù tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà mẹ́ta; ohùn akọrin lè dá wà lórí ọ̀kan, kí ohun èlò àti elégbè wà lórí ìyókù. Reeves ti kọ orin náà fún RCA, Cline sì ti kọ ọ́ lọ́tọ̀ fún Decca. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yọ ohùn méjèèjì kúrò láàárín gìtá àti dùùrù tó bá wọn rìn. Wọ́n tò wọ́n títí wọ́n fi bá ara wọn mu, wọ́n sì ní kí àwọn onílù tuntun lu orin tuntun sábẹ́ wọn. Ọkùnrin á dá ìlà kan, obìnrin á gbè é. Níbi tí ohùn méjèèjì ti pàdé, ẹni tí kò mọ ìtàn wọn á ní wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ni.

Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Reeves, wọn kò sì pa ti Cline dà. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà. Olùgbọ́ tí kò lórúkọ ni Reeves kọrin sí. Ní 1981, wọ́n yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ Cline. Bàbá kan lè sọ fún Táíwò pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí ẹnì kan bá wá gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún, láì dín láì lé, fún Kẹ́hìndé pé òun ni bàbá ń bá wí, ṣé ẹni náà purọ́ àbí kò purọ́?

Ní àdúgbò Tokpota, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ìbéèrè yìí kò jìnnà sílé. Yorùbá àti Gùn jọ ń gbé ìlú náà. Eégún ń jáde níbẹ̀, Zàngbétò ń ṣọ́ òru, ohùn àwọn méjèèjì kò sì jọ ohùn tí ènìyàn fi ń ná ọjà. Lọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́jẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí bóyá ará ọ̀run lè sọ̀rọ̀. Ohun tó máa fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó pè é, àwọn tó wá bá sọ̀rọ̀, àti ìgbà tó máa padà.

Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé tó kọ nípa Olódùmarè ní 1962, mẹ́nu ba fífa eégún òkú wọlé, ètò tí ẹbí máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìnkú àgbàlagbà. Eégún á jáde wá ní àwòrán olóògbé, pẹ̀lú ìrìn rẹ̀ àti ìṣesí rẹ̀. Á bá àwọn tó fi sílẹ̀ sọ̀rọ̀, á súre fún wọn, àwọn náà á kúnlẹ̀, wọ́n á sì ta á lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà, ilé yá.

Ẹni tí kò gbà lè ní ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà lábẹ́ aṣọ. Kí a tiẹ̀ gbà fún un. Ẹbí ló ṣì pe eégún náà, ọmọ olóògbé ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ló sì ń lò. Lórí àwo RCA, ọ̀fun tó ń kọrin jẹ́ ti Reeves láìsí àní-àní, ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n fi ohùn náà ṣe kò wáyé rí. Àwo kì í sì í padà sí ìgbàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe àwọn méjèèjì jáde lóru, kó tún pè wọ́n láàárọ̀.

Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ kò ní gba ọ̀nà eégún rárá. Àjàṣẹ́ yìí ni Samuel Biléou Oshoffa, oníṣẹ́ káfíńtà, ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà ní ọjọ́ 29 oṣù September, 1947, wọ́n sì ka pípe òkú sí èèwọ̀. Yóò ṣí Bíbélì sí Sámúẹ́lì Kìíní, orí 28, níbi tí Ọba Sọ́ọ̀lù ti lọ bá obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ ní Éńdórì pé kó pe wòlíì Sámúẹ́lì sókè. Òkú náà dé, ó sì kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tó fi ń yọ òun lẹ́nu. Ohun tí Sọ́ọ̀lù kò fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ fún un. Mùsùlùmí tó ń ti mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú bọ̀, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé kọ́ tí ojú rẹ̀ fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, á ní ẹni tó kú ti bọ́ lọ́wọ́ aráyé títí di ọjọ́ àjíǹde.

Àwọn méjèèjì lè gbọ́ Four Walls kí wọ́n má rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, torí iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe láàyè ni. Ti 1981 ló yàtọ̀. Sámúẹ́lì tí wọ́n pè lé Sọ́ọ̀lù lórí, ó bínú, ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Téèpù kò lè bínú, kò sì lè sọ pé òun kò kọ orin pẹ̀lú ẹni yìí.

Ẹni tó yẹ kó bá a sọ ọ́ ni ẹbí. Mary, ìyàwó Reeves, ló tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹ̀tọ́ náà tó di títà fún ilé iṣẹ́ kan láyé rẹ̀. Ó kú ní 1999. Lójú ọmọ eléégún, ọ̀rọ̀ burúkú ni títà yẹn. Ẹ̀kú jẹ́ ohun àjogúnbá. Ẹni tó bá kó owó wá kò lè torí owó di ẹni tí bàbá onílé á máa dá lóhùn.

Nígbà tí Natalie Cole bá bàbá rẹ̀, Nat King Cole, kọ Unforgettable ní 1991, ọdún 26 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó rọrùn láti gbà á, torí ọmọ ló pe bàbá. Músílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ yọ ohùn bàbá rẹ̀ kúrò níbì kan. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbé àpàlà dìde padà nígbà tó ṣe Ṣóyòyò ní 2000. Bí inú ẹnì kan kò bá dùn sí i, Músílíù wà níbẹ̀ tí wọ́n lè bi léèrè. Deborah Allen náà wà tí wọ́n lè bi. Láàárín Reeves àti Cline, kò sí ẹnì kankan nínú orin náà tí ènìyàn lè bi ní ohunkóhun, ibẹ̀ sì ni orin yẹn ti kọjá ààlà tí àwọn yòókù kò kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àwọn gbajúmọ̀. Ẹ̀rọ tó fa ohùn John Lennon yọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ fún orin Now and Then àwọn Beatles ní 2023 ti ní àwọn àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Bí àgbàlagbà kan bá kú ní Tokpota, wọ́n á ta àgọ́ dí títì, wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ síwájú ilé, mọ̀lẹ́bí á wọ aṣọ ẹbí. Ohùn rẹ̀ á ṣì wà lórí WhatsApp àwọn ọmọ rẹ̀: ibi tó ti ń bá àbíkẹ́yìn wí, ibi tó ti ń béèrè owó gáàsì. Tí wọ́n bá wá jókòó pín ogún, wọ́n á mẹ́nu kan ilé, ilẹ̀ àti ọkọ̀. Kí ọmọ kan wá ní òun fẹ́ kí ohùn bàbá súre níbi ìgbéyàwó òun, fún ìyàwó tí bàbá kò rí rí. Ṣé olórí ẹbí ni yóò fọwọ́ sí i, àbí àkọ́bí, àbí ẹni tí ohùn náà wà lórí fóònù rẹ̀?