Àjẹ̀ àti Àkúnlẹ̀yàn

Nígbà tí ọ̀ràn bá ta kókó, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ẹ̀yìn ti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé àyànmọ́ kò gbóògùn, wọn a sì káwọ́ lérí, àfi bí ẹni pé ọjọ́ tí olúkúlùkù ti kúnlẹ̀ níwájú Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹkáyé, ni gbogbo yíyàn ti parí. Èmi kò bá wọn jiyàn pé a kúnlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n ni pé, kí ni a fi lé wa lọ́wọ́ níbẹ̀: iṣẹ́ tí a ti ṣe parí ni, tàbí igi lásán?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn Inuit ilẹ̀ Greenland láyé àtijọ́, ọdẹ orí omi, ọmọ ilẹ̀ yìnyín, tí ń fi káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi awọ ẹran séélì bò, ṣọdẹ lórí omi tí ó tutù débi pé ẹni tó bá ṣubú sí i kì í pẹ́ kú. Igi ńlá kì í hù lọ́dọ̀ wọn. Èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ àjẹ̀ a máa wá láti igbó Siberia. Odò a gbé e dé òkun, yìnyín a gbé e kiri fún ọdún mélòó kan, kí ìgbì tó wá jù ú sí etíkun. Kò sí ọdẹ tí ó lè pàṣẹ irú igi tí òun ń fẹ́. Èyí tí òkun bá fún un ni yóò gbà. Bí àkúnlẹ̀gbà bá ní àpẹẹrẹ láyé, òun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Bí igi bá ti tẹ ọdẹ lọ́wọ́, ara rẹ̀ ni ó fi ń wọ̀n ọ́n: yóò na apá méjèèjì gbọọrọ, yóò fi ìgbọ̀nwọ́ kan lé e, gígùn àjẹ̀ nìyẹn, ojú àjẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè dì mú, nítorí bí ìgbì bá dojú ọkọ̀ dé, àjẹ̀ kan náà ni yóò fi yí ara rẹ̀ àti ọkọ̀ padà sókè. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àjẹ̀ òde òní tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀, tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí gígùn rẹ̀ sì wà láàárín nǹkan bí 210 sí 240 sẹ̀ǹtímítà, ń gbá omi dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èjìká a máa sọ tirẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tí ó dúró síwájú àwọn àjẹ̀ ìsọ̀ náà rò pé yíyàn òun pọ̀ ju ti ọdẹ lọ. Lójú tèmi, ìwọ̀n àjèjì ni ó ń yàn láàárín wọn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Àwọn Inuit agbègbè Thule, ní àríwá jíjìn, fi ìgbà kan pàdánù káyáàkì pátápátá. Òkun kò sá fún wọn, séélì kò tán. Wọ́n ní àrùn ló pa àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ náà, ìmọ̀ sì bá wọn wọ ilẹ̀ lọ, títí di àwọn ọdún 1860 tí àwọn aṣíkiri láti erékùṣù Baffin dé, tí wọ́n sì tún kọ́ wọn. Àwọn tí a bí láàárín ìgbà méjèèjì kúnlẹ̀ bí àwa náà ti kúnlẹ̀, wọ́n sì ní apá tí a lè fi wọn igi. Ẹni tí yóò fi bí a ti ń wọ̀n ọ́n hàn wọ́n ni kò sí. N kò rò pé orí wọn ni ó yí padà lọ́jọ́ tí àlejò gúnlẹ̀, nítorí òkun tí àwọn baba ń wò láti orí yìnyín náà ni àwọn ọmọ wá ń tukọ̀ lórí rẹ̀.