Ǹjẹ́ Ìnákúnàá Ni Oúnjẹ Tí A Jẹ Lórí Òkè?



Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, kò sì tíì kúrò lọ́kàn wa. Ọmọ wa kan tó kọ́ kéú lọ́dọ̀ wa kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Àbújá wá kí wa. Ó ní òun fẹ́ mú àwa àgbà mẹ́ta lọ jẹun ní ilé oúnjẹ ńlá kan lórí òkè, níbi tí èèyàn ti lè máa wo gbogbo ìlú. A kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí ni pé bí ó bá pè é, kí ó jẹ́ ìpè rẹ̀. A wọ ọkọ̀, dírẹ́bà rẹ̀ sì gbé wa lọ.

Ká má purọ́, ibẹ̀ dára. Nítorí pé wọ́n ń mu ọtí nínú ilé, a ní kí wọ́n gbé tábìlì wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, nítorí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti jókòó nídìí oúnjẹ tí ọtí bá ń lọ yí ká. Ibi tí a sá sí gan-an ló wá dára jù. Afẹ́fẹ́ Jos tí ẹ mọ̀ ń fẹ́, àwọn òkúta ńláńlá jókòó lórí ara wọn bí ẹrù tí alábàárù tò, àti lọ́ọ̀ọ́kán lápá Bukuru, àwọn adágún omi ń dán bíi dígí.

Nígbà tí agbáwo mú ìwé owó dé, ọ̀kan nínú wa yọjú wò ó, ó sì dákẹ́. Owó tí àwa mẹ́rin fi jẹun ju owó Alárùbá tí gbogbo ọmọ kéú wa ń mú wá fún oṣù mẹ́ta lọ. Ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n dín fún wa, irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi múdù wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa. Ẹni tó ń tajà kò lè ṣe kó má ṣírò.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa. Ọ̀kan ní ìnákúnàá ni, ó sì rán wa létí pé Súrà Isrā'ì pe àwọn onínàákúnàá ní ọmọ ìyá Ṣàìtánì. Èkejì ní Súrà A'rāf bèèrè ẹni tó sọ àwọn ohun dáadáa tí Ọlọ́hun pèsè fún ẹrúsìn Rẹ̀ di èèwọ̀. Àlùkùránì kan náà ni àwọn méjèèjì ti mú ẹ̀rí wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a ń ra léèsì aṣọ ẹbí nítorí wàlímà ọmọ tó ka Àlùkùránì tán, a ń pa màlúù, a ń háyà gbọ̀ngàn, àwọn kan tilẹ̀ ń jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde pe ìyẹn ní ìnákúnàá. Ó jọ pé ohun tí kò bá mọ́ wa lára ni ó máa ń yá wa lẹ́nu láti pè ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ rántí hádíìsì tí Muslim gbà wá. Ebi lé Ànábì jáde nílé, ó bá Abubakar àti Umar pàdé níta, ebi náà ló lé àwọn náà jáde. Wọ́n jọ lọ sí ilé ará Mẹ̀dínà kan. Ọkùnrin náà gbé èso dàbínù wá, ó pa ẹran fún wọn, wọ́n mu omi. Ànábì kò ní ó pọ̀ jù. Ohun tó sọ fún wọn ni pé a ó bi wọ́n léèrè nípa ìgbádùn yẹn lọ́jọ́ Àlùkìyámà. Bí a ó bá bi àwọn tí ebi lé jáde léèrè dàbínù àti omi, kí ni a ó bi àwa tí ebi kò pa?

Àwọn adágún tó ń dán yẹn, ihò kùsà ni wọ́n. Àwọn ọmọdé ti rì sínú wọn. Láàrin 1942 sí 1944, nígbà Ogun Hitler, lẹ́yìn tí Japan gba Malaya tí kùsà ti ń wá, ìjọba òyìnbó fi ipá kó èèyàn tó lé ní 100,000 wá wa kùsà ní Plateau yìí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà sílé. Nítorí iṣẹ́ kùsà àti ọkọ̀ ojú irin ni púpọ̀ nínú àwọn baba wa ṣe wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tajà níbí. Ibi tí ẹlòmíràn ti laágùn ni àwa jókòó lókè tí à ń fi ṣe ìran wò.

Ìran náà kì í sì í ṣe ti ilé oúnjẹ yẹn. Ẹni tó bá gun òkè lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, Ọlọ́hun kò gba owó ẹnu ọ̀nà. Ohun tí à ń sanwó fún ni àga, àti pé ẹni tí kò lówó kò ní sí nítòsí wa.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mẹ́nu bà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí ojú ń tì wá. Ó lé ní wákàtí méjì tí a lò lókè. Ìgbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa tó bi dírẹ́bà bóyá ó ti jẹun. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ààfáà." Gbogbo wa mọ ìtumọ̀ ìdáhùn yẹn. Àwo tí wọ́n kó kúrò níwájú wa, ẹran ṣì wà nínú rẹ̀. Ó sì ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní hádíìsì pé ẹni tó ń sìn ọ́, tó gbé oúnjẹ rẹ wá, kí o mú un jókòó tì ọ́, tàbí kí o kéré tán bu òkèlè kan tàbí méjì fún un. A kò dá ọmọ wa lẹ́bi. Àwa ni àgbà. A wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, dírẹ́bà ní kí a má bínú, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń dín máásà, ó ra díẹ̀. Kó tó fi ọwọ́ kan án, ó yíjú sẹ́yìn, ó na bébà tí wọ́n fi wé e sí wa. "Ẹ̀yin baba, ẹ wá bá mi jẹun."

A ti yó, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè kọ̀ nínú wa. A mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì jẹ ẹ́.