Yíyan Iṣẹ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́: Ta Ni Ó Ni Ẹ̀tọ́ Náà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ òbí gbára lé nígbà tí wọ́n bá ń yan iṣẹ́ fún ọmọ wọn: àgbà ti rí ayé, ọmọ kò tíì rí i. Ìjọba pẹ̀lú a máa sọ tirẹ̀, pé ẹni tí ó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó sọ ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà. Ọmọ fúnra rẹ̀ kì í sábà rí àyè sọ̀rọ̀. Láàrin àwọn mẹ́ta yìí, ta ni ó ni ẹ̀tọ́?

Ìlú Abidjan, èbúté ńlá Côte d'Ivoire, jẹ́ ibi tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá jùlọ àwọn ará Èjìgbò, ti ń la Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá lọ ṣòwò níbẹ̀. Anango ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Ní Treichville àti Adjamé, ọmọ oníṣòwò a ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba dé, a sì bọ́ sí ìdí àtẹ. Faransé ni ó fi ń kàwé. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ ní ọjà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọmọ náà yóò ṣe ìdánwò tí a ń pè ní BEPC. Èsì ìdánwò yìí, pẹ̀lú máàkì rẹ̀ ní kíláàsì, ni wọ́n fi ń pín akẹ́kọ̀ọ́: àwọn kan sí ẹ̀ka èdè àti lítíréṣọ̀, àwọn kan sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, àwọn mìíràn sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹlòmíràn kò rí àyè rárá. Kí a má purọ́, ètò yìí ní ire tirẹ̀. Àyè kò tó ọmọ, máàkì kì í sì í béèrè ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ti ṣe ni máàkì ń sọ. Kò lè sọ ohun tí ọmọ lè dà.

Ìtàn jẹ́rìí sí èyí. Ní ayé ìjọba Faransé, ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní erékùṣù Gorée ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò di olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba. Félix Houphouët-Boigny gba ibẹ̀ kọjá, ó sì parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dakar ní 1925. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ìjọba fún un. Àmọ́ ní 1944 ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ Syndicat Agricole Africain, ní 1960 ó sì di ààrẹ. Bernard Dadié náà ti Ponty jáde. Ó di òǹkọ̀wé, ó sì tẹ ìwé Climbié jáde ní 1956. Àwọn tí ó pín iṣẹ́ fún wọn kò rí òpin wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó lágbára láti já ọ̀nà tuntun fúnra rẹ̀; ibi tí a bá gbé ẹlòmíràn sí ni yóò wà títí.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a fi ọmọ sílẹ̀ láìtọ́ ọ sọ́nà. Ọmọ ọlọ́lá ní ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ́ dókítà àti àbúrò bàbá tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò. Nídìí oúnjẹ ni ó ti ń gbọ́ bí iṣẹ́ wọn ti rí. Ọmọ oníṣòwò kò ní irú wọn. Ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà wà, a kò lè sọ pé ó kọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn nípa iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í fi í ṣe ọrẹ àánú, gbèsè ni.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí san irú gbèsè yìí ní 1959, nígbà tí wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi láti bá àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 sì dé ní 1982, ó di dandan kí ọmọ yan ẹ̀ka lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré ní girama. Bí ọ̀nà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò tan iná sí i, òkùnkùn kan náà ni.

Àmọ́ kí olùkọ́ tí ń gba ọmọ ní ìmọ̀ràn má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú àtẹ ìyá rẹ̀. Ìmọ̀ ni ìṣirò èrè, ìmọ̀ ni mímọ ẹni tí a lè tà fún láwìn. Kí a pe ìyá náà kí ọmọ tó kọ orúkọ ẹ̀ka sínú ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Kí a sọ ọdún tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, owó tí ó ń ná ni, àti ibi tí ó ti ṣòro.

Òbí ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ṣe òfin tí kò ṣe ojúsàájú. Yíyàn jẹ́ ti ọmọ, níwọ̀n bí ojú rẹ̀ ti là. Olùkọ́ kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ọ̀ràn yìí bí kò ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo: láti la ojú náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó mọ gbogbo rẹ̀ tí kò fi han ọmọ ọlọ́mọ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè.